Aṣọ Tábìlì Ìyá Ṣadé

Lónìí, ìyàwó mi lé mi kúrò nídìí tábìlì oúnjẹ wa n'Íbà Estate.

Aṣọ tábìlì ni Ìyá Ṣadé ń hun lórí òfì ní pálọ̀ wa. Lówùúrọ̀, ó tẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Mo gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá dé.

"Bàbá Ṣadé, níbo lẹ ń gbé ọbẹ̀ elépo yẹn lọ?"

"Ṣebí aṣọ tábìlì ni?"

"Ti àlejò ni!"

Mo lọ jẹun lórí ìdúró ní kíṣìnì.

Lọ́sàn-án, obìnrin kan tó fẹ́ ra aṣọ náà wá láti Okokomaiko kó lè wò ó. Ìyá Ṣadé tẹ́ ọ̀rá sórí rẹ̀, ó tẹ́ ìwé ìròyìn sórí ọ̀rá, kó tó gbé ìrẹsì kalẹ̀. Àlejò jẹun tán, ó ní, "Mọ́mì, aṣọ yẹn wá dà?"

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo gbé ìkòkò gbígbóná lé èyí àkọ́kọ́ tí Ìyá Ṣadé hun láyé ọjọ́sí, tí mo tún pè é ní àkísà. Nígbà tí àlejò lọ, mo tọrọ àforíjì.

"Ó dáa, ẹ jókòó. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì nìkan o, kò sí ọbẹ̀."

Búrẹ́dì lásán ni mo ń jẹ báyìí, mò ń fi ọwọ́ kejì gba èérún rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni wọ́n ń gbà láyè kó jẹun lórí tábìlì nílé tiyín?