Ẹ́ńjìnì Tí Alájì Salahudeen Fi Ṣe Sàráà

Àwọn ará ọjà Ìpàtà ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí Alájì Salahudeen, ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ ìlọgbàdo ṣe, di ẹ́ńjìnì kan sínú kẹ̀kẹ́ NAPEP, tó gbé e lọ sílé-ìwé gíga. Òun àtàwọn aláàárù méjì gbé e ka orí tábìlì olùkọ́ àgbà, epo dúdú ń kán sórí ìwé.

"Bí ẹ ṣe kọ́ ọmọ yìí, ẹ kọ́ èmi náà kí n rí i!"

Huda ni ọmọ náà. Ó dúró sẹ́yìn Alájì, ojú ń tì í. Ọdún márùn-ún ló fi kàwé nípa ẹ́ńjìnì níbẹ̀. Ọjọ́ tó wá wáṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù Alájì, kò mọ sípáánà tó yẹ kó mú. Ló bá bú sẹ́kún. Alájì bínú, àmọ́ kì í ṣe sí i.

"Ta ló jẹ ọdún márùn-ún ọmọ yìí gbé?"

Olùkọ́ ní, "Alájì, ẹ fara balẹ̀. A ò ní ẹ́ńjìnì. Ojú pátákó la máa ń yà á sí."

"Ó dáa. Ẹ fi tojú pátákó lọ àgbàdo fún mi, kí n rí túwó jẹ!"

Kò gbé e padà mọ́. Ó ní òun fi ṣe sàráà, kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ.

Háà, ọkùnrin yẹn le! Ọ̀dọ́kùnrin kan, Abdulhaleem, wá wáṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tòun ti táì lọ́rùn. Alájì tú táì náà, ó fi nu epo ọwọ́ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Huda náà kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jẹ èébú fọ́dún méjì gbáko nídìí ẹ́ńjìnì tó ń dún. "Etí ni kó o fi wò ó, kì í ṣe ojú!" Tó bá bú u tán, òun náà ló máa ra wàrà fún un.

Ààwẹ̀ tó kọjá ni Alájì lọ, kí Ọlọ́hun fi Alijánnà kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́, Huda lọ wo ẹ́ńjìnì sàráà náà nílé-ìwé. Ẹ wá wo nǹkan! Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà búlúù, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Àlejò láti Àbújá ni wọ́n ń fi í hàn.

Inú bí Huda. Ó fa sípáánà yọ nínú báàgì, ó ṣe bìsìmílà, ó ń tú u.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá! Ẹ fọwọ́ kàn án!"

Olùkọ́ sáré dé. "Huda! Ọ̀dà yẹn ń bó!"

"Ó dáa, sà. Ẹ fi ọ̀dà lọ àgbàdo fún mi!"

Ohùn Alájì ló gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń já bọ́. Òun àtàwọn ọmọ tún un tò, wọ́n da epo sí i. Nígbà tó yí i, ẹ́ńjìnì náà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn ọmọ náà na ọrùn láti wò ó.

"Ẹ dijú," Huda ní. "Etí ni kẹ́ ẹ fi wò ó."