Ọwọ́ Màmá Ọ̀dẹ̀dá

Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn olùkọ́ yunifásítì kan tún ètò ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí yẹ̀ wò, Moyinolúwa, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ló dábàá pé kí wọ́n yọ oṣù mẹ́ta tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ní ilé ìwòsàn kékeré kan l'Ọ́dẹ̀dá kúrò. Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ère rọ́bà tí wọ́n ṣe bí aláboyún sì wà nílé ẹ̀kọ́.

Nọ́ọ̀sì Bùsírátù, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Ọ̀dẹ̀dá, ló ń kọ́ wọn níbẹ̀. Ọmọ aláró Ìtòkú ni, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń gbẹ̀bí, kò sì ní dìgírì kankan. Ó ń já a láyà pé àwọn ọmọ yóò máa jáde láì fọwọ́ kan ikùn èèyàn ẹlẹ́mìí dáadáa. Ló bá wọkọ̀ wá bá ìgbìmọ̀ n'Íbarà.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Herbert, alága, wí. "Kí ni wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ yín tí kò sí níbí?"

Màmá kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ láwùjọ. Ó wo ère rọ́bà náà tó nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ẹ jẹ́ kí n kúkú ṣe é, sà."

Ó fọwọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí wọ́n fi gbóná. Ó wá tẹ̀ba sétí ère: "Ẹ káàárọ̀, ìyá wa. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o. Ẹ má bínú, mo fẹ́ fọwọ́ kàn yín."

Rọ́bà ló ń kí o! Moyinolúwa fi ọwọ́ bo ẹnu, èékánná rẹ̀ gígùn tó kùn lọ́dà ń dán, kí ẹ̀rín má baà bọ́.

Màmá dijú. Ọwọ́ rẹ̀ rìn jẹ́jẹ́ láti òkè ikùn dé ìsàlẹ̀, ó sì tún padà.

"Ìdí lọmọ yìí gbé síwájú. Orí rẹ̀ nìyí lókè."

"Rárá, Màmá," ni Moyinolúwa wí. "Orí ló wà nísàlẹ̀, bó ṣe wà nínú ìwé ìdáhùn nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ méjìlélógójì la ti fi dán wò láti ọjọ́ Ajé, gbogbo wọn ló gbà á."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, ọmọ mi. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbí."

Láwàlì tó ń tọ́jú ère ṣí ikùn rọ́bà náà. Èèmọ̀! Orí bèbí ló wà lókè téńté.

"Èmi ni mo gbé e sódì lọ́jọ́ Ajé," ó ní.

Orí ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀, nítorí náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìdáhùn wí, ìdí nìyẹn táwọn olùkọ́ fi fún wọn ní máàkì. Ẹ̀rù ba Moyinolúwa. Dìgírì mẹ́ta ló ní, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ó tẹjú mọ́ ọwọ́ híhunjọ méjì yẹn bí ẹni tí kò rí ọwọ́ èèyàn rí. Ẹnu yà á gidigidi.

"Oṣù mẹ́ta Ọ̀dẹ̀dá kò kúrò mọ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Màmá ti ń fi aṣọ bo ère. "Ẹ ṣeun, ìyá wa."

Moyinolúwa kúnlẹ̀. "Màmá, ṣé ẹ lè gba èmi náà l'Ọ́dẹ̀dá?"

Màmá wò ó látòkè délẹ̀.

"Ọjọ́ Ajé, aago méje. Gé èékánná yẹn wá."