Aṣọ Fèrèsé Tí Mò Ń Fi Ọwọ́ Ara Mi Ká Sókè

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ aṣọ ẹnu ọ̀nà kọjá láì forí kàn án, kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án. Aṣọ ni wọ́n ń ta sẹ́nu ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, onílé á ká aṣọ rẹ̀ sókè, á fi kọ́ ìṣó, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bí oòrùn bá wá kan àtàrí, á tún sọ ọ́ kalẹ̀ kí ilé má baà gbóná. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè rò pé nítorí oòrùn nìkan ni. Rárá o. Aṣọ tí a ká sókè láàárọ̀ ni ará ilé kejì fi ń mọ̀ pé a jí ire.

Ìyá arúgbó kan ń dá gbé ní òdìkejì ọ̀nà wa, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wáṣẹ́ lọ sókèèrè. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ìyá mi bá ti ń dáná láàárọ̀, ojú rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Ní ọjọ́ kan, iná ti ràn, aṣọ ìyá arúgbó ṣì wà nílẹ̀. Ìyá mi sọ abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ná sílẹ̀, ó sáré sọdá, èmi náà tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la bá a, ó ti ṣubú, kò lè dìde, ohùn rẹ̀ kò sì jáde mọ́ dáadáa. Ìyá mi gbé e sórí ẹní, ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná mu. Ohun tí ìyá arúgbó náà kọ́kọ́ sọ ni pé, “Mo mọ̀ pé ẹ máa rí aṣọ mi.” Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn.

N kò rántí ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí mo wá bá ọmọ mi obìnrin ní Thamesmead, nílùú London níbí. Nọ́ọ̀sì ni. Ní ìdájí ló ń jáde lọ wọ rélùwéè ní Woolwich Arsenal, àwọn ọmọ rẹ̀ a gba ilé ìwé lọ, ó di ìrọ̀lẹ́ kí n tó tún gbọ́ ohùn èèyàn. Yàrá onídígí tó wà lẹ́yìn ilé ni wọ́n tẹ́ ibùsùn mi sí, nítorí orúnkún mi kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Òyìnbó fi dígí kọ́lé kí ó lè rí oòrùn. Èmi tí oòrùn ti nà láti kékeré, kí ni mo tún ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé oòrùn ibí kì í mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, yàrá náà gbóná bí ààrò búrẹ́dì, òòyì kọ́ mi, mo ṣubú. Mò ń wo bàbá òyìnbó tó wà ní ilé kejì láti orí ilẹ̀. Ó ń bomi rin òdòdó rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ohùn mi kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ mi dé ló gbé mi. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ọmọ mi mú ọkùnrin tó ń ta aṣọ fèrèsé wá sílé. Ó kó oríṣiríṣi sórí ibùsùn mi. Ọ̀kan dúdú bí ìdí ìkòkò, òmíràn fẹ́lẹ́ débi pé oòrùn kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo mú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, tó ń dá oòrùn padà síta. Ìjà dé nígbà tó kan bí yóò ṣe máa ká sókè.

“Mummy, èyí smart ni. Mo máa set ẹ̀ lórí phone mi. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á open fúnra ẹ̀. Tí oòrùn bá le, á close. Ẹ ò ní stress ara yín rárá.”

“Láràárọ̀?”

“Every morning, Mummy.”

“Bí mo bá ti kú ńkọ́?”

“Ah! God forbid! Ẹ ò ní kú, in Jesus' name!”

“Mi ò ní mo fẹ́ kú. Aṣọ tó bá ń dá ká ara rẹ̀ sókè á máa purọ́ fún aládùúgbò pé mo ti jí.”

Mo wá sọ ìtàn ìyá arúgbó fún un. Ó fi apá aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nu ojú, ó sì ní kí ọkùnrin náà mú èyí tí wọ́n ń fi okùn fà wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n so ó, ọmọ mi lọ bá bàbá òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa wo aṣọ fèrèsé mi láàárọ̀. Ojú tì mí bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. Bàbá náà ní òun gbọ́, ó ní òun ń dá gbé, kí èmi náà máa wo kọ́tìnì ilé ìdáná òun.

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbà kì í purọ́ àárẹ̀. Láìpẹ́ yìí, mo jí, mo ní kí ni mo fẹ́ dìde ṣe, ta ló ń dúró dè mí? Mo tún sùn. Ìgbà tí mo gbọ́, wọ́n ń kan dígí gbà-gbà-gbà. Mo rá pálá dìde, mo fa okùn. Bàbá òyìnbó ló dúró sínú koríko tútù, tòun ti aṣọ ìsùn àti sálúbàtà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wò mí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì padà sílé rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Ayé ti yí padà. Láyé ìgbà tiwa, a kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó wò wá. A mọ̀ pé wọ́n máa rí aṣọ wa. Níbí, a ní láti bẹ̀bẹ̀ kí á tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó rẹ̀ mí tó báyìí, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń fa okùn mi. Kí n tó gbàdúrà, mo sì máa ń kọ́kọ́ wo kọ́tìnì rẹ̀.