Àga Oníkẹ̀kẹ́ Màmá Oǹdó

Ọdún tí mo lò kẹ́yìn ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ ni èmi àti ọmọ kíláàsì mi kan pinnu pé iṣẹ́ àṣejáde wa máa jẹ́ àga oníkẹ̀kẹ́ tó ń fi bátìrì rìn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo ń rò. Màmá Oǹdó là ń pè é. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, àìsàn sì ti mú un lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Oǹdó ló ń jókòó sí, tó ń wo àwọn tó ń kọjá.

Mọ́tọ̀ kéékèèké tí ń yí wáípà ọkọ̀ la kọ́kọ́ lò, torí wọ́n wà káàkiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀yà ọkọ̀. Nílé ẹ̀kọ́, lórí sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú, àga náà ń lọ geere. Inú wa dùn, la bá gbé e lọ sí Oǹdó.

Ilé Màmá rẹlẹ̀ sí títì, èèyàn gbọ́dọ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan kó tó bọ́ síta. Màmá jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì, ó gùn ún dé ìdajì. Ibẹ̀ ni mọ́tọ̀ ti kùn, ó dákẹ́, àga sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sẹ́yìn. Ẹnìkejì mi sáré fẹ̀yìn tì í.

"Ẹ má bínú o," ni Màmá wí. "Mo ti sanra jù."

"Rárá, Màmá, mọ́tọ̀ wa ni ò lágbára."

Ó ní ká gbé òun padà sẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe ní òun sanra jù yẹn dùn mí ju àga tó kú lọ.

Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà sí Àkúrẹ́, ẹnìkejì mi ní, "Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ò ní gun òkè kankan kó tó fún wa ní máàkì."

"Màmá ńkọ́?"

Ó ní, "Ó dáa. A máa pààrọ̀ mọ́tọ̀."

A rí méjì tó lágbára lára alùpùpù oníná tó ti bàjẹ́, àmọ́ ọ̀pá tó yọ lára wọn tóbi ju ihò àárín táyà wa lọ. A wá ohun tó máa so wọ́n pọ̀ jákèjádò àdúgbò Arákalẹ̀ ní Àkúrẹ́, kò sí èyí tó bá a mu. Ló bá di pé ká fọwọ́ ara wa ṣe é. Mi ò tíì lo léètì rí, ẹ̀rọ tó ń yí irin bó ṣe ń gé e. Ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró sí tí àwọn yòókù bá ń lò ó. Ọ̀gá wa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sún ọ̀bẹ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ gé sán, ó ti tínrín jù. Mo gé òmíràn kó nípọn. Nígbà tó wọ ọ̀pá mọ́tọ̀ ṣinṣin, tí kò mì, mo pariwo débi pé àwọn ará kíláàsì kejì yọjú.

Mọ́tọ̀ tuntun wá ń ta bí ẹṣin tá a bá ti tẹ bọ́tìnnì. Ẹnìkejì mi, tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, ló tún ètò rẹ̀ kọ kó lè máa gbéra pẹ̀lẹ́.

Nígbà tá a padà sí Oǹdó, Màmá kọ̀, ó ní ká jẹ́ kóun jókòó jẹ́ẹ́. Ẹnìkejì mi bá gorí àga náà, ó gbé àpò gààrí Màmá lé itan, ó gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gùn ún. Màmá ń wò ó.

"Gbé gààrí mi kúrò níbẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn.

A gbé e jókòó sórí àga náà, a sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mọ́tọ̀ kùn ní ìdajì, ṣùgbọ́n táyà ń yí. Ó dókè. Mo rò pé ó máa dúró ká ya fọ́tò. Ó kàn yà sọ́wọ́ òsì ni.

"Màmá, ibo lẹ ń lọ?"

"Ilé ọ̀rẹ́ mi. Òun nìkan ló ti ń wá kí mi látọjọ́ yìí, èmi ò lè lọ kí i."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sá ata síwájú ilé. Bó ṣe rí wa, ó ju àwo sílẹ̀, ó fi èdè Oǹdó lọgun, ó ń yí àga náà po. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ṣé ó lè gbé ẹni méjì?" ni ọ̀rẹ́ Màmá bi mí.

"Kò tíì lè gbé méjì, mà."

A gba máàkì tó dáa. Òmíràn la ń ṣe báyìí, fún bàbá kan ní ìlú Ìjù, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọ̀nà oko ló ní òun fẹ́ máa gbà, táyà tó gbòòrò la sì ń wá kiri.