Ọṣẹ Tí Ìyá Mi Kò Fi Wẹ̀

Ẹni tó bá gba ẹ̀yìn Ọjà'ba sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, òórùn àdín ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, òórùn tó wúwo bíi ti ẹ̀pà tí wọ́n yan títí tó fi fẹ́ẹ̀ jóná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti òrí, àti ti eérú èèpo kòkó tí wọ́n dì sínú àpò. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ fìlà rírán ni mo ti ń gba ibẹ̀ lọ sí Ọ̀rányàn, n kò sì dúró ra nǹkan kan níbẹ̀ rí. Ọjà obìnrin ni. Ọdún kejì lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ dúró, tí mo ní kí wọ́n wọn eérú fún mi. Ìyá tó ń tà á wò mí láti orí dé bàtà.

"Ta ló rán yín?"

Mo ní èmi ni mo rán ara mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wọ̀n ọ́n fún mi.

Ara ìyá mi ló gbé mi débẹ̀. Wọ́n ti dàgbà, awọ ara wọn ti fẹ́lẹ́, ọṣẹ olóòórùn dídùn tí wọ́n ń tà nígboro kì í sì bá a rẹ́. Bí wọ́n bá fi wẹ̀, wọn yóò máa họ apá àti ẹ̀yìn títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi yọ. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, òun ló máa ń se ọṣẹ dúdú fún wọn, ọṣẹ tútù tí kì í ta ni lára. Nígbà tó kú, èyí tó ṣẹ́kù nínú igbá ń dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. A ra oríṣiríṣi ọṣẹ, a ra ìpara, ara kò gbà. Nígbà tó yá, omi lásán ni ìyá mi fi ń wẹ̀. Bí wọ́n bá ń ka tẹ̀sùbáà lẹ́yìn ìrun, ọwọ́ kan a máa ka ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ kejì a máa họ ara. Yàrá mi kọjú sí tiwọn nínú ilé wa ní Oníyanrìn. Mo máa ń gbọ́ ọ.

Mo pinnu pé n ó se ọṣẹ náà fún wọn, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi jinná. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀bùn. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ṣe fídáù ìyàwó mi, èmi àti ìyá mi kò dárúkọ rẹ̀ síra wa mọ́. Bí mo bá béèrè bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ lọ́wọ́ wọn, orúkọ náà ni yóò kọ́kọ́ jáde, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé ojú mi sí. Nítorí náà, ìyá eléérú ni mo bi, mo sì lọ dá iná sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi.

Mo pẹ́ kí n tó kàwé. Mo ti bímọ kí n tó jókòó nílé ìwé àgbà, ohun tí mo sì mú kúrò níbẹ̀ ni pé ohun yòówù tí èèyàn bá tún ṣe, tó tún un ṣe, yóò yé e. Ọṣẹ kò gbọ́ ìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, n kò jẹ́ kí omi eérú gbẹ tó kí n tó dà á sínú àdín, àdín náà kàn léfòó sókè bíi tinú ọbẹ̀. Nígbà kejì, ó hó bo ìkòkò, ó sì pa iná mi. Èyí tó tẹ̀ lé e dì dáadáa, inú mi dùn, àfìgbà tí mo fi díẹ̀ kan ahọ́n, tó ta mí bí ata. Omi eérú ti la orí ìka mi. Òwú ń há sí i bí mo bá ń ránṣọ, mo sì máa ń fà á já pẹ̀lú ìbínú. Oníbàárà kan gbé fìlà rẹ̀ símú, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti bá mi fọ̀ ọ́ kí n tó dé e ni?" N kò rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí kún un, mo dín omi eérú kù, mo sì ń rò ó títí apá mi fi ń gbọ̀n. Níkẹyìn ó gbà. Ó rọ̀, ó pọ́n bí oyin àtijọ́, ahọ́n mi kò sì gbọ́ nǹkan kan lára rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi wẹ̀ fúnra mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ra igbá tuntun tó ní ọmọrí, mo kó o sí i, mo sì gbé e fún ìyá mi nígbà tí mo dé láti ìrun Jímọ́ọ̀.

Wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀.

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ìwọ?" Wọ́n dé ọmọrí náà padà. "Ó ṣeun, Àjàní. Ọlọ́run á gbà á ní iṣẹ́ rere."

Wọ́n gbé e sórí àpótí aṣọ wọn. Ibẹ̀ ló sì wà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, eruku bo igbá náà, mo sì ń gbọ́ èékánná wọn lára awọ. Bí mo bá wọlé láti kí wọn, ojú mi á lọ sórí àpótí, tiwọn náà á lọ síbẹ̀, a ó sì máa sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná.

Àbúrò mi obìnrin, tó ń gbé ní Kúdẹtì, máa ń wá fọ aṣọ fún wọn. Òun ni mo bi.

"Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Ọkùnrin wo ló ń se ọṣẹ?"

"Èmi."

"Ẹ gbọ́ mi ná. Bí obìnrin bá se ọṣẹ, ọṣẹ ló sè. Bí ọkùnrin bá lọ sè é ní kọ̀rọ̀, tó wá gbé e fún ìyá rẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí àwọn ará ilé sọ? Wọ́n ní ẹ ti fi nǹkan sí i, kí Ìyá lè fi yàrá iwájú wọn sílẹ̀ fún yín."

"Ìyá náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"N ò bi wọ́n."

Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni nílé wa. Mo wọ yàrá ìyá mi lọ nígbà tí wọ́n wà lórí ìrun, mo gbé igbá náà, mo jáde sí ẹ̀bá kànga ní ọ̀sán gangan, mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ náà wẹ orí, ojú àti àyà lójú gbogbo agboolé. Àwọn ìyàwó ilé jáde.

"Ọkọ mi, ẹ rọra o! Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún àwa náà!"

"Ẹ jẹ́ ká bá yín fọ ẹ̀yìn, ọwọ́ yín ò débẹ̀!"

Àbúrò bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olórí ilé, jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Wọ́n dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. "Ẹni tó fi oògùn sínú ọṣẹ," wọ́n ní, "ṣé kò ní mọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ ni?"

Ẹ̀rín tún ta. Mo dúró síbẹ̀, omi ọṣẹ ń ta mí lójú. Bí mo bá fi wẹ̀, oògùn ni. Bí n kò bá fi wẹ̀, oògùn ni.

Ohùn ìyá mi wá láti ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Àjàní, ṣan ara rẹ, kó o wá."

Mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ, omi ṣì ń kán lára mi.

"Oògùn kọ́," wọ́n ní. "Ṣé n ò mọ ọmọ tí mo bí ni?"

"Kí ló wá dé, Ìyá?"

"Ta lo bi kó o tó sè é?"

"Ìyá eléérú l'Ọ́jà'ba."

"Ìyá eléérú. Ìyàwó rẹ ò mọ ọṣẹ sè nígbà tó dé ilé yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Bó bá fẹ́ sè é, á gbé àga síta fún mi, a ó jọ jókòó ti iná, a ó máa fi ẹ̀yin ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi jinná. Ìwọ ń bẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà tó ti lọ, ta ló gbé àga síta fún mi? Ìwọ náà wá lọ sè é lẹ́yìn mi."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ìwọ náà ò béèrè."

Mo jáde. Mo rìn títí mo fi dé ẹsẹ̀ òkè Màpó, mo sì ń bá ara mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, èmi tí n kì í sọ̀rọ̀. Gbogbo ìka mi tó là, gbogbo òru tí wọ́n fi họra, nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju gbólóhùn kan lọ!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dá iná sí àárín agboolé, mo sì gbé àga síta fún ìyá mi kí wọ́n jókòó tì í. Wọn kò jẹ́ kí n sinmi. "Rò ó wálẹ̀! Ṣé ọkà lo rò pé ò ń rò ni?" Iná mi pọ̀ jù, òrí mi kéré jù, ìdúró mi kò dáa. Nígbà tó ṣe, wọ́n dárúkọ ìyàwó mi gẹ́lẹ́ bí ẹni pé àná ló jáde. Wọ́n ní ó máa ń kọrin bó bá ń ro ọṣẹ. Mo bá a gbé fún ogún ọdún ó lé, n kò gbọ́ orin kankan lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo tẹjú mọ́ ìkòkò, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ohùn àwọn kò dùn tó tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́.

Ọṣẹ náà kò dára tó tèmi. Ó dúdú jù, ó ń rùn bí èéfín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá mi fi wẹ̀, kò sì pẹ́ tí ara wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àbúrò mi ló gbé tèmi lọ sí Kúdẹtì. Òun tó ń bẹ̀rù oògùn, ó fi wẹ̀ tán.

Inú ṣì máa ń bí mi bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kì í ṣe ìyá mi ni mò ń bínú sí, ara mi ni. Mo ti rò pé èmi nìkan ni ikú obìnrin náà ń dùn. Àwa méjèèjì la ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ọ̀ọ̀dẹ̀ kan péré ló wà láàárín wa, oníkálukú sì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ìyá mi ń wá ẹni tí wọn yóò bá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ń gbé ọṣẹ lé wọn lọ́wọ́, mo sì ń bínú pé wọn kò fi wẹ̀.