Òkúta Òkun Tí Wọ́n Fi Ṣe Ààrò

Nígbà tí mò ń ṣe másítà ní yunifásítì, yàrá kan ni mo gbà ní Ajíbọ́dẹ. Ìyá onílé, tí gbogbo àwa ayálégbé ń pè ní Màmá, jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ni iṣẹ́ tèmi dá lé. N ó gé e pẹlẹbẹ, n ó lọ̀ ọ́ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi lè gba inú rẹ̀ kọjá, n ó wá fi maikirosikóòpù wo ewéko òkun tó ti di òkúta nínú rẹ̀. Yàrá mi ò gba òkúta, ẹ̀yìn ilé ni mo tò wọ́n sí.

Lọ́sẹ̀ ìkórè ìjọ Màmá, mo rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo dé, mẹ́ta nínú òkúta mi ló gbé ìkòkò ìrẹsì dúró lórí iná.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Òkúta tí mo fi ń kàwé nìyẹn."

"Ó kúkú jókòó dáadáa," ni wọ́n wí, wọ́n ń ro ìrẹsì wọn lọ.

Mo dúró kó jinná. Bí wọ́n ṣe da omi pa iná, òkúta náà hó ṣìì, ó fọ́, ó di ìyẹ̀fun funfun. Màmá sún sẹ́yìn.

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Mo ní ewéko ni, tó hù nínú òkun kan tí kò jìn, kí ènìyàn tó dáyé, tó ń kó ẹfun sára bí ìgbín ṣe ń kó ìkarahun.

"Òkun wo?"

"Ó ti gbẹ, Màmá."

Inú mi bàjẹ́. Ọ̀gá mi ní yunifásítì gbọ́, wọ́n ní kí n lọ wá òmíràn níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ, mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà, rénbúùtù ti wà lẹ́sẹ̀ wọn.

"Èmi ni mo sun ún. Èmi náà ni n ó bá ọ wá a."

A wá a títí di ọ̀sán. Èyí tí Màmá ṣà ló dára jù. Nígbà tí mo gé e tán, mo mú wọn lọ fi maikirosikóòpù wò ó. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, ó pẹ́.

"Ó dà bí afárá oyin," ni wọ́n wí. "Olúwa mà ń ṣiṣẹ́ níbi tẹ́nìkan ò ti rí i."

Mo kọ orúkọ wọn sójú ìwé ìdúpẹ́ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Wọ́n ní kí n fi "Ìyá Àdúrà" ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀gá mi ò takò ó.