Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tó Ń Tiro

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáàsì jọ ní ilé-ìwé kan ní Ṣómólú, bí àwọn ọmọ ogun tó ń yan ni wọ́n ṣe ń fọn fèrè. Orin jáàsì kì í yan. Ṣe ló máa ń tiro: ìró kan á gùn, èyí tó tẹ̀ lé e á kúrú. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mi. Wọ́n ní "Yẹ́sà," wọ́n tún yan lọ.

Ẹni tó gbà wá ni Bàbá Sikírù, ará Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń tẹ kálẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó lẹ́yìn ògiri wa. Eyín kan ti kán lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn, torí náà títiro ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń tiro: gbì, ṣákà-gbì, láti àárọ̀ dalẹ́. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin tó ń lu dírọ́ọ̀mù, kò gbọ́ tèmi mọ́, ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ lé. Kò pẹ́ tí àwọn onífèrè náà fi tẹ̀ lé e. Àwọn olùkọ́ yòókù ń yìn mí, mo sì ń gba ìyìn náà bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ wọn.

Nígbà tó yá, Màmá tó ni ilé-ìwé sọ fún mi pé àwọn fẹ́ gbọ́ wa níwájú àwọn òbí, ní gbọ̀ngàn kan ní Obanikoro. Tí a bá dójú ti àwọn, àwọn á ta fèrè, àwọn á sì sọ yàrá wa di yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà mí. Ọ̀sẹ̀ ọ̀hún gan-an ni Bàbá Sikírù wá bá mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ariwo ẹ̀rọ mi ń dí yín lọ́wọ́. Mo ti tún un ṣe."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn bí ẹni tí wọ́n bá yọ eyín tí kò dùn ún. Ẹ̀rọ ń lọ geere, àwọn ọmọ mi sì padà sí yíyan.

Ní gbọ̀ngàn, iwájú pátápátá ni Màmá jókòó sí. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mọ́rẹ́nikẹ́ ò tiẹ̀ wò mí. Ó dijú, ó ń fi ẹnu sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Gbì, ṣákà-gbì. Gbì, ṣákà-gbì." Àwọn onífèrè ń mi orí sí i, wọ́n sì bọ́ sínú orin. Orin tiro bó ṣe yẹ kó tiro, bàbá àgbà kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi èjìká. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Màmá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní kí ni ọmọ yẹn ń sọ. Mo ní ìṣirò ni. Wọ́n ní ó dáa, àwọn fẹ́ràn ìṣirò. Wọn ò ta fèrè mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, Bàbá Sikírù náà ti kó ẹ̀rọ wọn lọ sí Ìjẹ̀bú. Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti Fádèyí bọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé náà kọjá, mo gbọ́ "gbì, ṣákà-gbì" láti ojú fèrèsé. Mo yọjú wò wọ́n. Àwọn ọmọ tí mi ò rí rí ni. Mo bi ọ̀kan tó gbé fèrè dání pé kí ni ìtumọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Jáàsì ni, sà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n fara balẹ̀, òun á kọ́ mi.